Sapara Williams, Aṣòfin Tí A Kò Dìbò Yàn

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 2020, mo sin ìyá àgbà mi lọ síbi ìdìbò ní Èpè. Èmi fúnra mi kò tíì ní káàdì ìdìbò nígbà náà, àpótí ìjókòó wọn ni mo bá wọn gbé. Àga sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Èkó, tó kó Ìkòròdú, Èpè, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú pọ̀, ti ṣófo láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà tí Sẹ́nétọ̀ Adébáyọ̀ Òṣínówò ti di olóògbé. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé láàárín oṣù kan ni kí wọ́n dìbò yan ẹlòmíràn sí irú àga bẹ́ẹ̀. Àrùn kòrónà kò jẹ́, wàhálà EndSARS náà kò jẹ́, ó fi di òpin ọdún. Bí oòrùn ṣe ń mú wa lórí ìlà, ìyá àgbà bi mí pé kí ló dé tí gómìnà kò kàn fa ẹnì kan kalẹ̀ kí oníkálukú sì jókòó sílé rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí, màmá.

Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà títí di òní tó jẹ́ pé gómìnà ló ń yan ẹni tí yóò jókòó sí àga aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá ṣófo. Kí n má tiẹ̀ lọ jìnnà. Ní Èkó wa níbí, láti ìgbà tí òyìnbó ti dá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀ ní 1862 títí di 1923, kò sí aláwọ̀ dúdú kan tó fi ìbò wọ ibẹ̀. Gómìnà ló ń mú ẹni tó bá wù ú. Nígbà tí mo dé ọdún kejì ní yunifásítì tí wọ́n ní kí kálukú wa kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ẹnì kan nínú irú àwọn aṣòfin bẹ́ẹ̀, Christopher Alexander Sapara Williams ni mo mú. Kí n sọ òótọ́, ìwà ìkà ni mo fi mú un. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ẹni tí gómìnà bá yàn, ti gómìnà ni yóò máa ṣe, pé n ó kàn wá ẹ̀rí jọ, n ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ojú ìwé mẹ́wàá. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo parí iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1855 ni wọ́n bí Sapara Williams ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé Sàró kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá ti ka ìtàn àwọn Sàró: ogun, ẹrú, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó tó ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, Freetown, lẹ́yìn náà Èkó. Àbúrò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1861, orúkọ òyìnbó ni wọ́n sọ òun náà, Alexander Johnson Williams. Àbúrò yìí ló padà di Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Ẹ kíyè sí orúkọ àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n gbé Sapara síwájú Williams, ó sì dúró síbẹ̀. Àbúrò ju Williams nù pátápátá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àbúrò yìí nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀ ní Èpè. Nígbà tó kàwé ìṣègùn tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì padà dé ní 1896, ìjọba gbà á síṣẹ́ dókítà. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ gbígbóná fi ń jà ní Èpè, ó ń pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Dókítà náà kò dúró sí òkèèrè máa bú àwọn àwòrò. Ó wọ inú ẹgbẹ́ wọn, ó ṣe gbogbo ètùtù tó yẹ kó ṣe, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú. Ohun tó jáde wá sọ ni pé àwọn kan nínú wọn gan-an ló ń fa àrùn náà ràn láti ara aláìsàn sára ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Tí ẹ bá ń rìn ní Èpè lónìí tí ẹ bi àgbàlagbà léèrè nípa Sapara, ti dókítà ni wọn yóò sọ, kì í ṣe ti lọ́yà. Bẹ́ẹ̀ ti lọ́yà ló wà nínú òfin tó ń darí Èpè àti Ìkòròdú fún ọdún mẹ́tàlá.

Christopher kàwé òfin ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1879 ni wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Òun ni ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, èyí ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì mọ̀ nípa rẹ̀. Oṣù Kìíní 1888 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Iṣẹ́ lọ́yà ti wà kó tó dé o. Nítorí pé lọ́yà gidi kò tó, kóòtù máa ń gba àwọn tó mọ ìwé díẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ òfin òyìnbó díẹ̀, láàyè láti máa bá ènìyàn rojọ́, èyí kò sì tán títí di 1913. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí nìkan. Ó mọ òfin àbáláyé, èyí tí kò sí nínú ìwé: ta ló ni ilẹ̀, ta ló lè tà á, ta ló ń jogún nígbà tí olórí ẹbí bá kú. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú àti Èpè lónìí, tó mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ṣe ń gbé ènìyàn dé kóòtù fún ogún ọdún, yóò mọ ìdí tí irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ fi di àwátì. Láti 1900 títí tó fi kú, òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà.

Oṣù Kẹwàá 1901 ni Gómìnà William MacGregor fi í sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé yẹn ṣe rí, nítorí pé tí a kò bá mọ̀ ọ́n, a ó máa retí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Gómìnà ló ń jókòó ní ipò alága. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n jẹ́ òyìnbó, ló pọ̀ jù, bí gómìnà bá sì ti fẹ́ kí wọ́n dìbò ni wọ́n ń dì í. Ní 1903, mẹ́ta péré ni ọmọ ilẹ̀ wa níbẹ̀: Sapara Williams, Charles Joseph George tó jẹ́ oníṣòwò, àti Dókítà Obadiah Johnson. Èkó ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Kò sí ọmọ Ìkòròdú, kò sí ọmọ Èpè, kò sí ẹnì kankan láti Àgbádárìgì. Ìkòròdú ti bọ́ sábẹ́ òyìnbó ní 1894, òfin tí wọ́n bá ṣe ní Èkó sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Ìkòròdú kò dé Èkó. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá fẹ́, wọ́n lè sọ̀rọ̀ fún wa. Bí wọn kò bá fẹ́, kò sí ẹni tó lè dá wọn padà.

Ọdún 1903 náà ni ọ̀rọ̀ owó ibodè dé. Àwọn ọba àti ìjòyè ìlú òkè ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó bá gba ibodè wọn kọjá, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kì í san. Àbá wà pé kí wọ́n pa owó ibodè náà rẹ́, kí ìjọba sì máa fún àwọn ọba ní owó dípò rẹ̀. MacGregor bi àwọn mẹ́ta náà léèrè. Gbogbo wọn ní kí owó ibodè dúró, kí inú má bàa bí àwọn ọba. Ibí yìí ni mo kọ́kọ́ ti rò pé mo ti rí ẹ̀rí tí mo ń wá. Ìyá ìyá àgbà mi ṣe òwò aṣọ ní ọjà Èjìnrìn. Kò sí ìyá oníṣòwò kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Lọ́yà Èkó ló sọ pé kí wọ́n máa san án lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rò, mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ibodè ló fa ogun 1892 láàárín òyìnbó àti Ìjẹ̀bú. Èkó ni àwọn ọmọ ogun ti gba ojú ọ̀sà wá, Èpè ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó kọjú sí Ìmàgbọ́n, ibi tí ìbọn ńlá ti tú Ìjẹ̀bú ká nínú oṣù Karùn-ún. Gbogbo ẹni tó wà ní Èkó nígbà náà ló mọ ìtàn yìí. Mo rò pé ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣọ́ra kó tó sọ pé kí wọ́n tún fọwọ́ kan ibodè ọba mìíràn. Bóyá mo ń gbè é lẹ́yìn jù. Síbẹ̀, ìyá oníṣòwò ló san owó náà.

Ọ̀rọ̀ kejì ní 1903 kò fún mi ní wàhálà. MacGregor gbé òfin ìwé ìròyìn wá. Ohun tí wọ́n pè é ni òfin tí kò ní jẹ́ kí àwọn oníwèé ìròyìn máa ba ènìyàn lórúkọ jẹ́. Àwọn mẹ́ta náà rí i pé ńṣe ni yóò pa ìwé ìròyìn lẹ́nu mọ́, wọ́n sì takò ó. Gómìnà tó fi wọ́n jókòó síbẹ̀ ni wọ́n takò lójú ara rẹ̀. Òfin náà kọjá. Báwo ni kò ṣe ní kọjá? Ẹ ti rí iye àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú ilé náà.

Ní 1904 ó gbé àbá kan wá tí mo gbà pé òun ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tó ṣe níbẹ̀. Òyìnbó ti fa ìlà láàárín Àríwá àti Gúúsù, ìlà náà sì gba àárín Yorùbá kọjá. Ìlọrin àti Ọ̀fà wà lókè, Ìbàdàn àti Iléṣà wà nísàlẹ̀. Sapara Williams ní kí wọ́n tún ìlà náà fà, kí gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá lè wà lábẹ́ ìṣàkóso kan náà. George tì í lẹ́yìn. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ọkùnrin tí wọ́n bí ní Freetown, tí ogun ti lé àwọn òbí rẹ̀ kúrò nílé, ló dìde ní Èkó láti bèèrè pé kí ilé náà má pín sí méjì. Ìjọba kò gbà. Ìlà náà dúró títí wọ́n fi da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ó sì wà níbẹ̀ dòní lábẹ́ orúkọ mìíràn. Nínú kíláàsì wa, àwọn ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Kàbà wà tí a jọ ń ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù, Àríwá Àárín Gbùngbùn ni wọ́n ń kọ sí ibi tí à ń kọ agbègbè sí, a ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀. Kì í wá sí wa lọ́kàn pé ẹnì kan ti bá wọn jà fún un ní ọdún mẹ́fà ṣáájú kí wọ́n tó bí Awólọ́wọ̀ pàápàá, tí a bí ní 1909. Ẹ dárí jì mí, ọdún márùn-ún ni.

Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1905, ó sì bá iléeṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí oríṣiríṣi nǹkan, lára rẹ̀ ni pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ náà sì di ti gbogbo Gúúsù. Ó ń bá a lọ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni 1909 dé. Walter Egerton ni gómìnà. Ọdún kan ṣáájú, àwọn ará Èkó ti tú sígboro nítorí owó omi, àwọn ìwé ìròyìn sì ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ìjọba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjọba wá gbé òfin ìdìtẹ̀ kalẹ̀: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tàbí kọ ohun tó lè mú kí àwọn ènìyàn kórìíra ìjọba tàbí kí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ yóò jẹ̀bi. Sapara Williams dìde. Ó ní òmìnira ìwé ìròyìn ni odi tí òyìnbó fúnra rẹ̀ fi ń yangàn nílé rẹ̀. Ó ní ìdìtẹ̀ kò sí nínú ìwà Yorùbá. Ó wá sọ èyí tí mo fà ìlà sí nídìí nínú ìwé mi: pé lọ́la, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ara rẹ̀ kì í gba nǹkan lè dé, tí yóò máa rí ìdìtẹ̀ nínú gbogbo àríwísí, tí yóò sì máa rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbogbo ìpàdé.

Lórí ọ̀rọ̀ pé Yorùbá kì í dìtẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ Èpè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí òyìnbó lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó ní 1851, Èpè ló sá wá pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ di 1862, kì í ṣe pé ó jókòó jẹ́jẹ́. Ó ń gbógun lọ sí Èkó títí òyìnbó fi bá a ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án 1854. Ìdajì ìlú wa, Èkó-Èpè, ọmọ àwọn tó bá a wá ni wọ́n. Sapara Williams mọ èyí dáadáa. Lọ́yà ni, ó ń rojọ́, ẹni tó bá sì ń rojọ́ máa ń yan ohun tí yóò mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ nípa òṣìṣẹ́ tí yóò dé lọ́la kì í ṣe ẹ̀tàn rárá.

Òfin náà kọjá bí ti 1903 ṣe kọjá.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò yọ ọ́. Ó takò gómìnà kan, ó takò èkejì, ó sì wà lórí àga náà títí di àsìkò Lugard. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n nílò rẹ̀ ju bí òun ti nílò wọn lọ. Iṣẹ́ lọ́yà ló ń bọ́ ọ, kì í ṣe owó ìjọba, gbogbo Èkó ló sì mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lé e kúrò, wọn yóò wá ẹni tí wọn yóò fi sọ pé aláwọ̀ dúdú wà nínú ìgbìmọ̀ wọn, wọn kò sì ní rí i. Olùkọ́ wa kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìjọba fi í sílẹ̀ nítorí pé kò lè dí wọn lọ́wọ́: jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, kí a dìbò, kí a lọ jẹun. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wọn ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé Kítóyè Ajásà, lọ́yà bíi tirẹ̀, tí gómìnà náà yàn sínú ìgbìmọ̀ kan náà. Ajásà di ọ̀rẹ́ Lugard, ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer sílẹ̀ ní 1914, àwọn ènìyàn sì ka ìwé náà sí ohùn ìjọba. Ní 1928 ọba òyìnbó fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé. Iṣẹ́ àṣetiléwá mi tú ká níbẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ilẹ̀kùn tí ènìyàn bá gbà wọlé ló ń sọ irú ẹni tó máa jẹ́.

Kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn náà dára. Ní gbogbo ọdún mẹ́tàlá tó lò, kò sí ọjọ́ kan tó pọn dandan fún un láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú tàbí Èpè láti wá jíhìn. Nígbà tó ní kí owó ibodè dúró, kò sí ẹni tó lè dúró dè é ní ọjọ́ ìdìbò.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1915 ló kú, ó ku oṣù mẹ́rin kó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan James Bright Davies, akọ̀wé ìròyìn tó ti dàgbà, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tó kọ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ̀la ti dé.

Oṣù Kẹsàn-án 1923 ni wọ́n dìbò àkọ́kọ́ fún Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àga mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, kí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sì tó £100. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Èpè kò ní ìbò kankan, ì báà lówó bíi yanrìn. Ó di 1951, nígbà tí wọ́n da ìlú wa pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó dìbò tó kàn wá, ìyẹn náà kì í ṣe tààrà, àwọn aṣojú ló ń yan aṣojú. A bí ìyá àgbà mi kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún wọn nígbà tí mo délé ní ìsinmi. Wọ́n gbọ́ ti dókítà tó wọ inú ẹgbẹ́ olóde, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ti lọ́yà, wọ́n bi mí bóyá ó ṣe ọ̀nà kankan sí Èpè. Mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé wọ́n wá dá a dúró lórí àga náà fún ọdún mẹ́tàlá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá, kò sí ẹni tí wọ́n bi léèrè. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ibi tí àwọn fi káàdì ìdìbò sí, kí ó má lọ sọnù.